Káńsù Birmingham: ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún, mo sì máa sọ ibi tí ìkarùn-ún lọ

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní orílẹ̀-èdè Benin wa níbí, ẹ̀yin ọmọ Alákétu níbi yòówù tí ẹ bá wà. Láti ìgbà tí mo ti dé láti ọ̀dọ̀ àbúrò mi obìnrin ní Birmingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, làwọn èèyàn ti ń bi mí pé báwo nibẹ̀ ṣe rí, oṣù márùn-ún ni mo lò lọ́hùn-ún lọ́dún 2024, oṣù kẹta sí oṣù kẹjọ, àwọn kan fẹ́ gbọ́ ìròyìn òtútù, àwọn kan fẹ́ mọ iye tí wọ́n ń ta iṣu. Èmi, káńsù wọn, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ ìlú náà, ni mo fẹ́ sọ. Iṣẹ́ mi ló fà á.

Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé abẹ́ agboòrùn ni mo wà láti ọdún mẹ́rìndínlógún, tábìlì kan, bẹ́ǹṣì kan, kọ̀ǹpútà alágbèéká kan àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré, mò ń bá èèyàn kọ lẹ́tà, mò ń bá wọn kún fọ́ọ̀mù, ìwé ìbí, ìwé ilẹ̀, ìwé ẹ̀bẹ̀, ìwé ẹ̀sùn, gbogbo ìwé tó bá ṣáà ti máa wọ ọ́fíìsì ìjọba. Tí mo bá dé ìlú kan, ibi tí wọ́n ti ń gba ìwé lọ́wọ́ aráàlú lojú mi máa ń lọ kíákíá. Mo sì ní ọgbẹ́ tèmi. Ọ́fíìsì kan wà tí mi ò ní dárúkọ, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni mo lọ síbẹ̀ nítorí ìwé ìbí ìyá mi, ìwé kan ṣoṣo, ẹni tí mo bá lánàá kò ní sí lónìí, ẹni tó bá wà lónìí á ní òun kọ́ lòun gba fáìlì, á ní kí n padà wá ní Mọ́ńdè, Mọ́ńdè á dé, ẹlòmíì ni mo máa tún bá. Owó zém, ọ̀kadà wa níbí, tí mo ná lọ ná bọ̀ kò dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Mi ò rí ẹni tí mo lè dì mú kí n sọ pé ìwọ lọ̀rọ̀ yìí wà lọ́wọ́ rẹ, ìyẹn ló dùn mí. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ni mo fi ṣe òṣùwọ̀n gbogbo ohun tí mo fẹ́ wí yìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ látorí bí wọ́n ṣe débi tí wọ́n wà, torí ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n kò ní mọ ìdí tí káńsù yẹn fi rí bó ṣe rí.

Ọjà ló sọ Birmingham di ìlú. Lọ́dún 1166 ni ọba Henry Kejì fún ẹni tó ni ilẹ̀ ibẹ̀, Peter de Birmingham, níwèé àṣẹ pé kí wọ́n máa ná ọjà níbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bí ọjà Ouando àti ọjà Àjárá ṣe fa èèyàn wá sọ́dọ̀ ara wọn níbí náà nìyẹn. Nígbà tó yá, alágbẹ̀dẹ kún ìlú, wọ́n ń rọ bọ́tìnì, wọ́n ń rọ ìṣó, wọ́n ń rọ ìbọn, ó sì yẹ ká sọ ọ́ bó ṣe jẹ́, ìlú yẹn ni wọ́n ti rọ ọ̀pọ̀ nínú ìbọn tí àwọn oníṣòwò ẹrú kó wá sí etí òkun tiwa yìí, tí wọ́n fi ra àwọn èèyàn wa. Ọkàn mi kọ́kọ́ wúwo nígbà tí mo mọ̀ ọ́n, n kò lè kọ nípa Birmingham kí n fò ó.

Pẹ̀lú gbogbo bí ìlú náà ṣe tóbi tó, kò ní káńsù. Láti ọdún 1769 àwọn kan wà tí wọ́n ń pè ní kọmíṣọ́nà òpópónà, àwọn olówó ìlú ni, kò sẹ́ni tó dìbò yàn wọ́n, tí ọ̀kan bá kú àwọn tó kù ló máa mú ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́ o, àwọn ló tan iná sójú títì, àwọn ló kọ́ gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n ṣí lọ́dún 1834 tó dà bí ilé òrìṣà àwọn ará Róòmù ayé àtijọ́, ó ṣì wà níbẹ̀ di òní. Ṣùgbọ́n ta ló lè bi wọ́n léèrè? Òfin tó tún àwọn káńsù ìlú ṣe jáde lọ́dún 1835, Birmingham gba ìwé tirẹ̀ lọ́dún 1838, ọjọ́ kejì Kérésìmesì ọdún yẹn gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ dìbò yan àwọn káńsẹ́lọ̀. Síbẹ̀ àwọn kọmíṣọ́nà ò kúrò nílẹ̀, ọdún 1851 ni òfin tó gba agbára lọ́wọ́ wọn tó jáde.

Ẹni tó wá sọ káńsù yẹn di nǹkan ni Joseph Chamberlain. Oníṣòwò ìdè irin ni, àwọn ìdè tó máa ń yí wọ inú igi yẹn, kò tíì pé ogójì ọdún nígbà tó di méyọ̀ lọ́dún 1873. Ọdún mẹ́ta péré ló lò. Ní 1875 ó ní kí káńsù ra ilé iṣẹ́ gáàsì méjèèjì tó wà nílùú, gáàsì ni wọ́n fi ń tan iná nígbà yẹn, èrè tó ń wá nínú rẹ̀ kò tún wọ àpò ẹnì kan mọ́, ìlú ló ń jẹ ẹ́. Ní 1876 wọ́n ra ilé iṣẹ́ omi pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ti omi yàtọ̀, ó ní omi kì í ṣe ohun tí káńsù gbọ́dọ̀ máa fi jẹ èrè, torí kànga àdúgbò àwọn tálákà ti dọ̀tí, àìsàn ló ń tinú ẹ̀ jáde. Mo fẹ́ràn ìpinnu yẹn gan-an. Ẹni tó mọ ṣòwò ló ṣe é, ó mọ èyí tó yẹ kó mówó wọlé àti èyí tó yẹ kó kàn gba ẹ̀mí là. Kò ṣe gbogbo ẹ̀ dáadáa, ó wó ilé àwọn tálákà láàárín ìlú kó tó la òpópónà ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Corporation Street, ilé ìtajà ló kún ibẹ̀, àwọn tí wọ́n wólé wọn kò rí ilé míì gbà lọ́wọ́ káńsù lójú ibẹ̀.

Àwọn tó bá ka ìwé ìtàn nílé ẹ̀kọ́ lè ti gbọ́ orúkọ ọ̀gbẹ́ni yìí níbòmíì. Láti 1895 sí 1903 òun ni minisita tó ń bójú tó àwọn ilẹ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà. Ààlà tó ya Kétu tiwa kúrò lára Ìmẹ̀kọ ti Nàìjíríà, 1889 ni wọ́n ti fà á, kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó gòkè lọ sí ilẹ̀ Bàrùbá títí dé odò Ọya, tí wọ́n fọwọ́ sí pẹ̀lú àwọn Faransé lóṣù kẹfà 1898, ìṣojú rẹ̀ ni wọ́n ṣe é. Ọwọ́ kan náà tó gbé omi lọ fún tálákà Birmingham. Mo dúró síwájú orísun omi tí wọ́n fi ṣe ìrántí rẹ̀ láàárín ìlú, ó ti wà níbẹ̀ láti 1880, mo ń rò ó, mi ò mọ ohun tí mo lè wí.

Omi náà ńkọ́? Ilẹ̀ Wales ni wọ́n lọ pọn ọ́n. Káńsù sé odò àfonífojì Elan, wọ́n ṣe ọ̀nà omi tó gùn tó kìlómítà 117, ọba Edward Keje sì ṣí i lóṣù keje 1904, omi yẹn kò nílò ẹ̀rọ kankan láti fà á wá, wọ́n kàn ṣe ọ̀nà náà kó máa dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni, ó ń gba ọjọ́ kan ààbọ̀ kó tó dé. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún èèyàn ló kúrò nílé wọn kí omi tó bo àfonífojì yẹn mọ́lẹ̀, àwọn onílẹ̀ nìkan ló rówó gbà. Láràárọ̀ nílé àbúrò mi tí mo bá ṣí ẹ̀rọ omi, tí mo gbé ife sábẹ́ ẹ, mo máa ń rántí pé omi yìí ti rin ìrìn àjò tó jìn ju Àjàṣẹ́ sí Kétu lọ kó tó dé ẹnu mi. Ṣùgbọ́n lónìí omi ti kúrò lọ́wọ́ káńsù o, wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1974, gáàsì ti lọ ní 1949, iná mànàmáná ní 1948, ìjọba àpapọ̀ ló kó gbogbo rẹ̀. Ẹ má lọ bá káńsù tí omi ò bá yọ.

Ó yá, báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́ báyìí? Ibi tí orí àwọn èèyàn wa ti máa ń dàrú nìyí, torí wọ́n máa ń wá maire, olórí ìlú, bíi tiwa. Ní Birmingham ẹni mẹ́ta ni èèyàn lè ṣèèṣì pè ní olórí ìlú. Lord Mayor ni ẹni tó ń wọ ẹ̀wọ̀n wúrà, ọdún kan ló ń lò, òun ló ń darí ìjókòó, òun ló ń gba àlejò, kò láṣẹ lórí owó. Ẹni tó láṣẹ ni Leader, àwọn káńsẹ́lọ̀ ló ń yàn án láàárín ara wọn, òun àti àwọn mélòó kan tó bá mú ni wọ́n pín iṣẹ́ láàárín ara wọn, ọ̀kan ilé gbígbé, ọ̀kan ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé, ọ̀kan owó. Ẹnì kẹta ni Mayor ti West Midlands, ti gbogbo ẹkùn ni ìyẹn, láti 2017 ni wọ́n ti ń dìbò yàn án, bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ ojú irin lọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀ sí. Wọ́n ti bi àwọn ará Birmingham lọ́dún 2012 bóyá wọ́n fẹ́ máa dìbò yan méyọ̀ ìlú wọn fúnra wọn, wọ́n ní rárá.

Káńsẹ́lọ̀ jẹ́ 101, wọ́n pín ìlú sí wọ́ọ̀dù 69, wọ́ọ̀dù míì ní ẹnì kan, òmíì ní méjì. Ọdún mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń dìbò, láti 2018. Ohun tó wù mí jù nínú gbogbo ètò náà wà níbí: wọ́ọ̀dù yẹn ló yan ẹni yẹn, orúkọ rẹ̀ wà níta, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ wà níta, íméèlì rẹ̀ wà níta. Tiwa, láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí dìbò fún mairie, ìjọba ìlú wa, ní ìparí 2002, orúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú là ń tẹ̀ka sí, àwọn conseiller, káńsẹ́lọ̀ tiwa, ń wá látinú orúkọ tí ẹgbẹ́ tò sílẹ̀, ó ṣòro kí ará àdúgbò kan tọ́ka sí ẹnì kan pé onítèmi nìyẹn. Mo gbọ́dọ̀ sọ òdodo pẹ̀lú, àwa ní chef quartier, olórí àdúgbò, tí a mọ ilé rẹ̀, tí a lè kan ilẹ̀kùn rẹ̀ ní aago mẹ́wàá alẹ́, káńsẹ́lọ̀ òyìnbó kò ní dá ẹ lóhùn ní aago mẹ́wàá alẹ́.

Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tí mo fojú mi rí. Omi òjò máa ń dúró síwájú ilé àbúrò mi ní Handsworth, gọ́tà ti dí, tí bọ́ọ̀sì bá kọjá á ta omi sí wa lára. (Handsworth yìí, 1911 ni Birmingham tó gbà á mọ́ra, kì í ṣe ara ìlú tẹ́lẹ̀.) Àbúrò mi ní ká lọ bá káńsẹ́lọ̀ ní surgery. Mo ní kí lo wí? Ṣé ara rẹ̀ kò yá ni? Ó ní rárá o, bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn, ọ̀rọ̀ kan náà tí wọ́n ń lò fún ibi tí dókítà ti ń rí aláìsàn, káńsẹ́lọ̀ á jókòó síbì kan, ẹni tó bá ní ìnira á wá sọ tẹnu rẹ̀, kò sí owó, kò sí pé ta ló rán ẹ wá.

Àárọ̀ Sátidé la lọ, ilé ìkàwé kékeré kan ni. Tábìlì kan, àga mẹ́rin, obìnrin kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó wọ súwẹ́tà aláwọ̀ ewé, fílásìkì tíì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ, ìwé kọ́bà kan tó ní ìlà wà níwájú ẹ. Mo wò ó, mo ní ẹni yìí gan-an ni mí o, tábìlì mi rèé. Ìyá àgbà kan ará Jàmáíkà ló wà níwájú wa, iná ojú títì ló ti kú lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń bẹ̀rù láti lọ sí ìsìn alẹ́. Obìnrin yẹn kò dá a lẹ́nu. Ó gbọ́ ọ tán, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí kọ, ó sì ń ka ohun tó ń kọ sókè: ọjọ́ òní, orúkọ yín, òpópónà, nọ́ńbà tó wà lára òpó iná (ìyá náà ti kọ ọ́ sẹ́yìn àpòòwé kan, ó mú un jáde látinú báàgì), orúkọ ẹ̀ka tí òun máa fi ránṣẹ́ sí, ọjọ́ tí òun máa pè wọ́n padà. Ó ya ìwé pélébé kan, ó da gbogbo rẹ̀ kọ sórí ẹ, ó fún ìyá náà. Ìyá náà ká a, ó fi í sínú Bíbélì rẹ̀.

Bó ṣe ṣe tiwa náà nìyẹn. Lọ́jọ́ kẹsàn-án àwọn ọkùnrin méjì gbé ọkọ̀ wá, wọ́n fi ọ̀pá gígùn tú gọ́tà, ewé àti ike ni wọ́n fà jáde, kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Mo dúró lójú fèrèsé mò ń wò wọ́n. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ohun kékeré ni, ẹni tó ti lọ síbì kan lẹ́ẹ̀mẹsàn-án nítorí ìwé ìbí ló máa mọ ohun tó ṣe mí lọ́kàn.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n fẹ́ rí ibi tí wọ́n ti ń ṣèpàdé. Council House ni wọ́n ń pè é, ilé ńlá olókùúta kan ni, Chamberlain fúnra rẹ̀ ló fi òkúta ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1874, wọ́n parí ẹ̀ ní 1879. Ọjọ́ Túsìdeé kan lóṣù keje ni mo lọ, aago méjì ọ̀sán, wọ́n yẹ báàgì mi wò, wọ́n ní kí n gòkè lọ síbi tí aráàlú ń jókòó sí. Kò sẹ́ni tó bi mí pé ọmọ ibo ni mí. Lord Mayor wọlé pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n lọ́rùn, gbogbo èèyàn dìde. Wọ́n gba ìwé ẹ̀bẹ̀ látọ̀dọ̀ aráàlú. Lẹ́yìn náà ìbéèrè kan wá látẹnu obìnrin kan tí kì í ṣe káńsẹ́lọ̀, aráàlú lásán ni, ó fẹ́ mọ ìdí tí wọ́n fi fẹ́ dín wákàtí tí ilé ìkàwé àdúgbò rẹ̀ ń ṣí kù, ìwé tó mú dání ń gbọ̀n, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n, ẹni tó ni iṣẹ́ yẹn nínú àwọn káńsẹ́lọ̀ sì ní láti dìde dá a lóhùn, kámẹ́rà ń gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì bó ṣe ń lọ. Bóyá ìdáhùn náà tẹ́ obìnrin yẹn lọ́rùn, ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ hàn. Ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tó dá a lóhùn, ó mọ orúkọ rẹ̀, gbogbo wa gbọ́ ọ.

Kì í ṣe ojúrere ni wọ́n ṣe fún un o. Òfin ni. Lọ́dún 1960 ni wọ́n ṣe òfin tó ní kí ìpàdé àwọn káńsù ṣí sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn àti àwọn oníròyìn, Margaret Thatcher ló gbé e wá, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé aṣòfin nígbà yẹn, kò tíì di olórí ìjọba. Ìwé tí wọ́n fẹ́ jíròrò lé lórí gbọ́dọ̀ wà níta fún ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún gbáko ṣáájú ìpàdé. Lọ́dọọdún aráàlú ní ọgbọ̀n ọjọ́ iṣẹ́ láti wo ìwé owó káńsù, kí ó ka rìsíìtì pàápàá tó bá wù ú. Tó o bá sì kọ̀wé pé o fẹ́ mọ nǹkan kan tó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n gbọ́dọ̀ dá ẹ lóhùn láàárín ogún ọjọ́ iṣẹ́, bí wọn ò bá ní sọ ọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ìdí ẹ̀. Mo da gbogbo ìyẹn kọ sínú ìwé mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn bí ọmọ iléèwé.

Ẹ̀yin tó ń gbọ́ ìròyìn á ti máa sọ pé ṣebí káńsù yẹn ló wọ gbèsè. Òun ni. Ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹsàn-án 2023 ni wọ́n kéde ní gbangba pé owó tó ń wọlé kò lè gbé ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ san mọ́, wọ́n ń pe ìwé yẹn ní section 114, ó túmọ̀ sí pé wọn ò gbọ́dọ̀ náwó tuntun kankan àfi lórí ohun tí òfin fi dandan lé, bí ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò lálágbàtọ́ àti àwọn arúgbó. Oṣù kẹwàá ìjọba àpapọ̀ rán àwọn alábòójútó tí wọ́n ń pè ní kọmíṣọ́nà wá jókòó tì wọ́n. Ètò kọ̀ǹpútà tuntun tí wọ́n fi ń ṣírò owó, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí lò lóṣù kẹrin 2022, kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, wọn ò tiẹ̀ mọ iye tó wà lọ́wọ́ wọn dáadáa. Káńsù sọ pé owó tí ìjọba àpapọ̀ ti gé kúrò nínú tiwọn láti 2010 ju bílíọ̀nù kan pọ́n-ùn lọ. Gbogbo ìyẹn wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó gba ìràwọ̀ karùn-ún lọ́wọ́ mi ni ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn obìnrin tó ń gbálẹ̀ fún káńsù, àwọn tó ń se oúnjẹ níléèwé, àwọn tó ń tọ́jú arúgbó nílé, ìpele kan náà ni ìwé fi wọ́n sí pẹ̀lú àwọn ọkùnrin tó ń kó pàǹtí àti àwọn tó ń tún títì ṣe. Àwọn ọkùnrin ń gba ẹ̀bùn owó lórí owó oṣù wọn. Àwọn obìnrin kò gbà á. Ẹ wo bí yóò ṣe rí, ẹ jí ní aago mẹ́rin ìdájí, ẹ gbálẹ̀ ọ́fíìsì kí àwọn ọ̀gá tó dé, ẹ wá mọ̀ lẹ́yìn ogún ọdún pé ẹni tí ìwé sọ pé iṣẹ́ yín dọ́gba ti ń gbà jù yín lọ lóṣooṣù. Wọ́n pe ẹjọ́. Lóṣù kẹwàá 2012 ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ dá àwọn 174 tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀ láre pé wọ́n ṣì lè gba ẹ̀tọ́ wọn, láti ìgbà yẹn káńsù ti san owó tó ju bílíọ̀nù kan pọ́n-ùn, ó tún sọ lọ́dún 2023 pé ohun tó kù lè tó mílíọ̀nù 760. Wọ́n gba owó yẹn lọ́wọ́ ìyá alásè àti ìyá agbálẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìyẹn dùn mí, mi ò lè fún wọn ní márùn-ún. Ìyá tèmi náà gbálẹ̀ rí.

Àwọn olùgbé ibẹ̀ ni wọ́n sì wá ń gba owó náà lọ́wọ́ wọn: owó orí ilé tí wọ́n ń pè ní council tax lọ sókè ní ìdá 9.99 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù kẹrin 2024, ó tún fi 7.49 kún un lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Lọ́dún 2025 àwọn tó ń kó pàǹtí daṣẹ́ sílẹ̀ pátápátá láti ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta, káńsù fẹ́ yọ ipò kan kúrò nínú iṣẹ́ wọn, ó ní tí ipò yẹn bá wà níbẹ̀, àwọn obìnrin tún lè pè é lẹ́jọ́, àwọn òṣìṣẹ́ ní owó oṣù àwọn ló máa já. Ọgbẹ́ àtijọ́ yẹn náà ló tún ṣí.

Síbẹ̀ ìràwọ̀ mẹ́rin ni mo fún un, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe rò ó. Gbogbo nọ́ńbà tí mo kọ sókè yìí, kò sẹ́ni tó jí i fún mi. Wọ́n wà nínú ìwé tí káńsù fúnra rẹ̀ gbé síta. Mo jókòó sí àjà kẹta ilé ìkàwé ńlá wọn, èyí tí Malala Yousafzai ṣí ní 2013, èmi ọmọ Kétu tí Gẹ̀ẹ́sì mi kò yọ̀ lẹ́nu, mo ń ka àṣìṣe ìjọba ìlú kan ní ojú ewé kan tẹ̀ lé òmíì, ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà nídìí tábìlì ibẹ̀ tún bá mi tẹ ojú ewé méjì jáde.

Ohun mélòó kan fún ẹ̀yin tí ọmọ yín ń lọ. Tó bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ alákòókò kíkún, kì í san council tax, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ gba ìwé ẹ̀rí níléèwé kó fi ránṣẹ́ sí káńsù, kó má fọwọ́ lẹ́rán. Ẹni tó bá ń dá gbé nílé, wọ́n ń yọ ìdá mẹ́rin kan kúrò fún un tó bá béèrè. Ilé kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà tirẹ̀, A sí H, iye tí ilé náà ì bá tà lóṣù kẹrin 1991 ni wọ́n fi pín in, àní ilé tí wọ́n kọ́ lánàá, kẹ́ ẹ béèrè lẹ́tà náà kẹ́ ẹ tó gba yàrá. Ilé ìwòsàn àti ọlọ́pàá kò sí lábẹ́ káńsù.

Ọ̀rọ̀ ìbò wá kù. Ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé níbẹ̀ lè dìbò yan káńsẹ́lọ̀, torí orílẹ̀-èdè rẹ̀ wà nínú Commonwealth. Ọmọ Tógò pàápàá, láti 2022 tí wọ́n ti wọ ẹgbẹ́ náà. Àwa ọmọ orílẹ̀-èdè Benin, rárá. Àbúrò mi ti gbé níbẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá, ó ń san owó orí, aládùúgbò rẹ̀ ará Ìmẹ̀kọ, tí bàbá rẹ̀ àti bàbá wa jọ ń ná ọjà Kétu, ń lọ dìbò, òun ń dúró sílé. Ààlà 1889 yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́ ní Handsworth. Káńsẹ́lọ̀ náà mọ̀ pé a ò lè dìbò fún òun nígbà tí a jókòó síwájú ẹ, àbúrò mi ló sọ fún un, ó ní ìyẹn kò kan gọ́tà, ó ń kọ ìwé ẹ̀ lọ.

Ìgbà tí mo padà dé, mo ra ìwé kọ́bà olójú ewé igba ní Ouando. Ẹni tó bá gbé ìwé wá sọ́dọ̀ mi, mò ń kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ọ́fíìsì tó ń lọ, orúkọ ẹni tó bá gba fáìlì lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kó béèrè orúkọ yẹn dandan, kó sì padà wá sọ ọ́ fún mi, ọjọ́ tí wọ́n dá fún un. Mò ń ya ìwé pélébé fún oníkálukú. Àwọn kan kọ́kọ́ ń bẹ̀rù láti béèrè orúkọ òṣìṣẹ́ ìjọba. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ìyá arúgbó kan láti Sàkété mú ìwé pélébé tirẹ̀ jáde látinú ìró, ó ti gbó, ó ní ẹni tí a kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ ti rántí òun, ìwé náà ti jáde. Mo fi biro fa ìlà sórí tirẹ̀. Òun ni ìkẹtàdínláàádọ́rin.